Tòmátì ẹ̀yìnkùlé yín ń kú? Ẹ yí ewé ẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn

Lọ́dún tó kọjá, àpò ìrẹsì mẹ́rìnlélógún ni mo gbin tòmátì sí lẹ́yìn ilé wa níbí ní Ìbàdàn, kí June tó parí ó ku mọ́kànlá. Kì í ṣe pé mi ò ṣe nǹkan kan o. Mo ṣe nǹkan, mo tiẹ̀ ṣe é jù, ìyẹn gan-an ni wàhálà. Mo fín oògùn kòkòrò sí èyí tí kòkòrò ò débẹ̀, mo ń bomi sí èyí tó jẹ́ pé omi ló ń pa á, èyí tó yẹ kí n fà tu lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun títí tó fi kó ran àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, èmi ń gé ìka gbogbo.

Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní bẹ̀rẹ̀ látorí oògùn. Oògùn wà lọ́jà, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko wọ́n á ti kó mẹ́wàá síwájú yín kí ẹ tó lanu. Ibi tó ti le ni kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe tòmátì yẹn gan-an, ojú àti ọwọ́ lásán la sì fi ń mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ọ̀bẹ kan àti gíláàsì omi kan.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Ẹ LỌ WÒ WỌ́N LÁÀÁRỌ̀ KÙTÙ

Kó jẹ́ nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, kí oòrùn tó mú. Tòmátì tó bá rọ lọ́sàn-án lè jẹ́ oòrùn lásán ló ń dà á láàmú, á dìde tó bá di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ èyí tó ṣì rọ láàárọ̀ nígbà tí gbogbo ilẹ̀ tutù, ìyẹn ní nǹkan tó ń ṣe é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tára wọn le, ẹ fi àwọn tó ń ṣàìsàn ṣe ìgbẹ̀yìn, kí ọwọ́ yín má baà máa ru àìsàn kiri. Bí ewé bá ṣì tutù fún ìrì tàbí òjò, ojú ni kí ẹ fi wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń mu sìgá tàbí tó ń lo aáṣáà kó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa, mi ò ṣàwàdà o, àìsàn kan wà tí tábà àti tòmátì jọ ń ní, ó lè wà nínú ewé tábà gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ èèyàn ló sì fi ń rìn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ yí ewé padà, ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Abẹ́ ewé ni àwọn ọ̀daràn yẹn ń gbé, ojú òkè tí gbogbo wa máa ń wò yẹn, wọn kì í sábà sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo ọ̀mùnú lókè pátápátá, ẹ wo ìdí igi níbi tó ti wọlẹ̀, ẹ wo èso yí po. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa kà:

- Igi rọ ṣùgbọ́n ewé ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀: ìgbésẹ̀ kejì.
- Ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n, ó ní àmì dúdú: ìgbésẹ̀ kẹta.
- Ewé òkè kéré, ó ká kò, etí ẹ̀ pọ́n: ìgbésẹ̀ kẹrin.
- Ewé dà bíi pé wọ́n fi iná jó o láàárín, ẹ gbé e sójú oòrùn ẹ rí òdìkejì: ìgbésẹ̀ karùn-ún.
- Èso ní ihò, tàbí wọ́n gé ọ̀gbìn lulẹ̀ lóru: ìgbésẹ̀ kẹfà.
- Ìdí èso dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ: ẹ má ra nǹkan kan rárá, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹsàn-án.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: GÍLÁÀSÌ OMI

Èyí ló ṣe mí léṣe jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Tòmátì máa dáa lónìí, ó ga, ó ti ń tanná, tó bá di ọ̀la ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹ̀ á rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bu omi gbóná lé, láàárín ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ẹ̀ ti wólẹ̀, ewé ẹ̀ ò sì tíì pọ́n. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni ká bomi sí i. Ẹ dúró ná.

Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú, ẹ gé igi náà ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sókè ilẹ̀, ẹ tún gé e lókè kí ẹ ní igi kan tó gùn tó ìka àárín yín. Ẹ bu omi tó mọ́ gaara sínú gíláàsì, kó má jẹ́ ife aláwọ̀. Ẹ fi ọwọ́ mú igi yẹn tàbí kí ẹ fi okùn so ó mọ́ ẹnu gíláàsì, kí ojú ibi tẹ́ ẹ gé nísàlẹ̀ kan omi ṣùgbọ́n kó má kan ìdí gíláàsì. Ẹ má gbọ̀n. Ẹ sáà máa wò ó. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, lórí tábìlì ìdáná ni, mo gbé gíláàsì síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá, ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan, ìṣẹ́jú méjì, mo ti fẹ́ yí padà lọ gbé ìkòkò kaná, ni mo bá rí okùn funfun tínrín kan tó ń yọ jáde lójú ibi tí mo gé, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ bí èéfín tó dorí kodò, kó tó pẹ́ ó ti di mẹ́ta mẹ́rin, ìdí gíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú bí ìgbà téèyàn kán mílíìkì sómi. Gíláàsì tí Dádì àwọn ọmọ fi ń mu mọ́ọ̀tì ni mo lò, ẹ lè fọkàn yàwòrán ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun funfun yẹn, bakitéríà ni gbogbo ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ni Ralstonia solanacearum. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó ń gba gbòǹgbò wọlé, á wá dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi, ìdí nìyẹn tí tòmátì fi ń rọ bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nígbà tí omi ń bẹ nídìí ẹ̀. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tó gbóná tó tún tutù fún omi, ìyẹn àsìkò òjò tiwa yìí gan-an. Kò ní oògùn. Ẹni tó bá ta oògùn rẹ̀ fún yín, ó ta omi fún yín ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ fà á tu tòun ti gbòǹgbò, ẹ kó o sínú náílọ́ọ̀nù dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ so ó, ẹ gbé e sójú oòrùn títí yóò fi jóná nínú ẹ̀, kò gbọdọ̀ dé orí àkìtàn tẹ́ ẹ ti ń kó ajílẹ̀. Tó bá jẹ́ inú àpò ló wà, ẹ gbé àpò náà kúrò láàárín àwọn yòókù kí omi tó ń ṣàn jáde nídìí ẹ̀ má baà wọ ìdí òmíràn. Ẹ fi bílíìṣì fọ ọ̀bẹ, ìwọ̀n kan bílíìṣì sí mẹ́sàn-án omi, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti sílípáàsì. Ilẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ rí tòmátì, ata, tàtàṣé, ìgbá tàbí ọ̀dùnkún òyìnbó fún ọdún mélòó kan, mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo wọn. Àgbàdo tàbí àlùbọ́sà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń so orí tòmátì mọ́ ìdí igi ìgbá tó lè fara da àìsàn yìí, mo ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹ̀ ló kú mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí náà mi ò ní kọ́ yín ní ohun tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí omi ò bá dà rú ńkọ́? Ẹ la igi náà sí méjì gbọọrọ. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà àwọ̀ ilẹ̀ nínú ẹ̀ lábẹ́ èèpo, tó sì jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, nígbà míì ẹ̀gbẹ́ kan péré, ìyẹn Fusarium, olú kan (tí òyìnbó ń pè ní fungus) tó ń gbé inú ilẹ̀, òun náà kò ní oògùn àmọ́ irúgbìn tó lè kò ó lójú wà, mo máa dé ibẹ̀. Bí inú igi bá funfun dáadáa, ẹ wo gbòǹgbò. Gbòǹgbò tó so kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, kòkòrò inú ilẹ̀ kan tó tín-ín-rín tí ojú ò lè rí ló wà níbẹ̀. Gbòǹgbò tó dúdú tó ń rùn, omi ló pọ̀ jù, àpò yín kò ní ihò tó pọ̀ tó. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú ike ọ̀dà tí àwọn èèyàn ń gbìn sí, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sí ìdí ẹ̀ jàre.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: ÀMÌ DÚDÚ LÁRA EWÉ ÌSÀLẸ̀

Tí òjò bá ti ń rọ̀ lémọ́lémọ́, ewé tó sún mọ́ ilẹ̀ máa ń yọ àmì dúdú, tẹ́ ẹ bá wò ó súnmọ́ ẹ rí òrùka nínú òrùka bí ojú igi gẹdú tí wọ́n fi ayùn gé, yíká ẹ̀ á wá pọ́n. Ìyẹn ni àwọn òyìnbó ń pè ní early blight, olú ni. Nígbà míì àmì náà máa kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó pọ̀, àárín ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, ìyẹn òmíràn ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ní. Late blight tó ń sọ gbogbo oko di jíjẹrà láàárín ọjọ́ díẹ̀, òtútù ló fẹ́, àwọn ará Jos ló yẹ kó máa bẹ̀rù ẹ̀ ju àwa lọ.

Inú ilẹ̀ àti lára ewé tó ti kú ni olú yìí ń gbé, òjò ló ń ta ilẹ̀ sókè lu ewé. Torí náà kí ẹ tó ronú oògùn, ẹ dúró kí ewé gbẹ, ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ewé tó wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, ẹ má gé ju ìdá mẹ́ta ewé igi kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dáná sun wọ́n. Ẹ kó koríko gbígbẹ tàbí háhá àgbàdo bo ojú ilẹ̀. Ẹ fi ọparun gbé igi dìde kó má fara balẹ̀. Ìdí igi ni kí ẹ máa bomi sí, láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wẹ̀ ẹ́ lórí nírọ̀lẹ́ bíi pé ẹ ń wẹ ọmọ.

Bó bá ṣì ń gòkè lẹ́yìn èyí, oògùn olú bíi mancozeb tàbí èyí tó ní copper wà. Àmọ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe o. Bí agboòrùn ni, kò lè gbẹ aṣọ tó ti tutù. Ewé tí kò tíì ní àìsàn ló ń dáàbò bò, èyí tó ti ní i kò ní sàn, òjò ńlá kan sì lè fọ̀ ọ́ dànù. Mo rí àwọn tó ń fín in sí tòmátì tó ti pọ́n títí dókè, owó ni wọ́n ń fín.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: EWÉ TÓ KÁ KÒ

Ẹ fọwọ́ gbọn igi díẹ̀. Tí nǹkan funfun kéékèèké bá fò sókè bíi pé ẹ gbọn àpò fùláwà, eṣinṣin funfun ti dé. Mímu tó ń mu omi ara ewé nìkan kì í ṣe wàhálà, ẹ̀rù tó ń rù ni wàhálà, òun ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ kí ewé òkè kéré, kó ká sókè bí ife, kí etí ẹ̀ pọ́n, kí igi dúró sójú kan, kí òdòdó máa já bọ́. Igi tó bá ti ní in, ó ti ní in nìyẹn. Èyí tó ní i nígbà tó wà ní kékeré kò ní so nǹkan kan.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé: mo fà á tu ní tààrà, gbogbo eṣinṣin tó wà lórí ẹ̀ dìde fò lọ bà lé èyí tó kàn, pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ẹ rọra fi náílọ́ọ̀nù ńlá bo igi náà láti òkè wá sílẹ̀, láàárọ̀ kùtù tí wọn kì í tíì fẹ́ fò, ẹ so ẹnu ẹ̀ nídìí, kí ẹ wá fà á tu tòun ti náílọ́ọ̀nù.

Fún àwọn tó ṣẹ́ kù, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ yẹ́lò, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sí pẹrẹsẹ, ẹ fi gírísì mẹkáníìkì tàbí Vaseline pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ so ó mọ́ ọparun kó bá orí tòmátì dọ́gba. Àwọ̀ yẹ́lò yẹn ń pè wọ́n bí iná ṣe ń pe àfòpiná, wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan fún àpò márùn-ún ti tó, ẹ nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹ tún un fi. Ẹ má so ó jù, ó máa ń mú kòkòrò dáadáa náà. Ẹ sì máa fín omi ọṣẹ tàbí dongoyaro, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀, abẹ́ ewé ni o.

Ọ̀nà tó dáa jù ni kí eṣinṣin má rí ọ̀gbìn yín nígbà tó kéré. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò wúlò, ihò ẹ̀ tóbi jù fún wọn, wọ́n á kàn máa rìn kọjá. Kọ́tìnì àtijọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi sẹ́yìn kọ́tìnì gidi, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́. Mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe bí àgọ́ kékeré, mo ta á lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún kí n tó tú ọ̀gbìn sínú àpò.

Ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ewé tó ká ló ní fáírọ́ọ̀sì. Ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó tó ká sókè lásìkò oòrùn, tó nípọn, tó ṣì tutù, ooru ló ń sá fún, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá fà tín-ín-rín tó lọ́ bí okùn bàtà, ẹ bi aládùúgbò yín bóyá ó fín oògùn koríko láìpẹ́ yìí.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: TUTA

Òun ló dá ìjà sílẹ̀ ní May 2016, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ipò pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ tòmátì, tí àwọn èèyàn ń pè é ní Ebola tòmátì, tí gbogbo wa sì ń fi kárọ́ọ̀tì àti ata lásán se ọbẹ̀ níbí. Tuta absoluta lorúkọ ẹ̀, South America ló ti wá, ó dé Sípéènì ní 2006, kò pẹ́ tó fi gba àríwá Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ wa. Àfòpiná kékeré aláwọ̀ eérú ni, bí ìrẹsì kan lásán ló gùn mọ. Abẹ́ ewé ló ń yé ẹyin sí, ìyá kan lè yé tó igba ó lé, ọmọ ẹ̀ á wá wọ àárín ewé, láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, á máa jẹ ẹran àárín ẹ̀ lọ. Ìdí tí oògùn ojú ewé fi ń kọjá lórí ẹ̀ nìyẹn, inú ilé ló wà.

Ẹ gbé ewé náà sójú oòrùn. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó mọ́lẹ̀ bí náílọ́ọ̀nù, tí ìgbẹ́ dúdú kéékèèké wà nínú ẹ̀, tí nǹkan kékeré kan sì ń mira, òun nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pa láàárín ìka méjì. Fún ẹni tó ní ogún igi, èyí gan-an lágbára ju oògùn lọ: lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa já gbogbo ewé tó ní fèrèsé sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ so ó, ẹ sá a sóòrùn. Bíi oṣù kan ni ó fi ń ti ẹyin di àfòpiná, torí náà tẹ́ ẹ bá ṣe é fún ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ wá jókòó, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, ẹ gbé abọ́ omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ sábẹ́ gílóòbù tàbí tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì láti aago méje dé mọ́kànlá, ẹ máa ka iye tó bá kú síbẹ̀ láàárọ̀. Tó bá pọ̀ jù fún ọwọ́, ẹ béèrè oògùn tó ní Bt, ìyẹn bakitéríà tó ń pa ọmọ àfòpiná nìkan, tàbí èyí tó ní spinosad. Ẹ má máa lo ẹyọ kan ṣoṣo léraléra, Tuta máa ń kọ́ oògùn lójú.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: ÀWỌN ÀLEJÒ TÓ KÙ

Ọ̀gbìn tó dùbúlẹ̀ láàárọ̀ bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, kòkòrò dúdú tó ń ká bí òrùka ló ṣe é, ẹ wa ilẹ̀ ìdí ẹ̀ díẹ̀ ẹ máa bá a níbẹ̀ tó ń sùn. Ẹ gé ìdí àti ẹnu agolo dẹ́ríkà kúrò, ẹ fi ṣe odi yí ọ̀gbìn ká, kó wọlẹ̀ tó ìka kan. Èso tó ní ihò nítòsí ibi tó ti so mọ́ igi, ìdin wà nínú ẹ̀, ẹ já a, ẹ má jù ú sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ lọ rì í sómi ọṣẹ. Tata, àárọ̀ tí òtútù mú un ni kí ẹ fi ọwọ́ kó o. Nígbà ọyẹ́, tí ewé bá ní àmì kéékèèké bí iyanrìn tí òwú aláǹtakùn tín-ín-rín sì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi omi tó lágbára fọ abẹ́ ewé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbín, mi ò ní kọ́ yín ní bí ẹ ṣe máa ṣe ìgbín.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: DONGOYARO ÀTI OMI ỌṢẸ

Ewé dongoyaro tútù kílò kan, ẹ gún un nínú odó tẹ́ ẹ kì í gún iyán nínú ẹ̀, kíkorò ẹ̀ kì í kúrò bọ̀rọ̀. Ẹ da omi lítà márùn-ún lé e, ẹ bò ó mọ́jú. Láàárọ̀ ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà dí ẹnu ìfín. Tẹ́ ẹ bá rí èso ẹ̀ gbígbẹ, ìyẹn tún lágbára jù, gíráàmù àádọ́ta ẹran inú kóró ẹ̀ tẹ́ ẹ lọ̀ fún lítà omi kan. Ẹ bu ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré kan sí lítà kọ̀ọ̀kan kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, oòrùn máa ń ba agbára ẹ̀ jẹ́, ẹ lò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bí ẹ ṣe ń retí, ó ń jẹ́ kí wọ́n kọ oúnjẹ ni, kò sì jẹ́ kí ọmọ wọn dàgbà.

Omi ọṣẹ lásán náà dáa fún eṣinṣin funfun àti àwọn kòkòrò rọ̀bọ̀tọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń kóra jọ sí ọ̀mùnú: ṣíbí kékeré kan sí méjì nínú lítà kan, ó gbọ́dọ̀ kàn wọ́n lára kó tó pa wọ́n. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun tẹ́ ẹ fi ń fọṣọ, ewé á jó. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, ẹ sùn, kí ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì. Bọ́tìlì tí wọ́n fi ń fín omi sórí èèyàn ní sàlúùnù ti tó fún ogún àpò.

ÌGBÉSẸ̀ KẸJỌ: TÓ BÁ DI OÒGÙN ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ ka ara ike. Iye ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó já èso wà níbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fín in sára ògiri. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ lé àwọn ọmọ àti adìyẹ wọlé, ẹ fín in nírọ̀lẹ́ tí oyin ti lọ sílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da Sniper sómi fún tòmátì, mo bẹ̀ yín. Dichlorvos ni, májèlé gidi ni, 2019 ni NAFDAC sì ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré ẹ̀ ní gbangba mọ́ nítorí bó ṣe ń pa èèyàn. Tòmátì tẹ́ ẹ ń gbìn nítorí pé ẹ ò fẹ́ oògùn ọjà, ẹ wá ń fi májèlé wẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì yá ìfín ẹlòmíì. Mo yá ti ẹnì kan ládùúgbò, mo fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀kan, mo pò dongoyaro sínú ẹ̀. Oògùn koríko ló ti lò nínú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Àpò mẹ́rin ló lọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, èmi ni mi ò béèrè.

ÌGBÉSẸ̀ KẸSÀN-ÁN: ÈYÍ TÍ KÌ Í ṢE ÀÌSÀN

Ìdí èso tó dúdú bí awọ bàtà, calcium ni kò dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe pé kò sí nínú ilẹ̀, omi ló ń gbé e, ẹ sì ń bomi lónìí ẹ gbàgbé lọ́la. Àpò máa ń tètè gbẹ. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì láràárọ̀, bó bá gbẹ ẹ bomi, bó bá tutù ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ dín ìgbẹ́ adìyẹ kù. Èèpo ẹyin tí gbogbo èèyàn ń lọ̀ sínú ilẹ̀, ó máa ń gba oṣù pípẹ́ kó tó yòrò, èso tòní ò ní rí i jẹ. Òdòdó tó ń já bọ́ ní February àti March, ooru ni, tí ọ̀sán bá ń lé ní 35°C tí òru náà ò tutù. Èso tó là lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ já a, ẹ sè é.

ÌGBÉSẸ̀ KẸWÀÁ: KÍ Ẹ TÓ GBIN ÒMÍRÀN

Fún ilẹ̀ ọ̀gbìn, mo máa ń yan án bíi gàrí. Ẹ fi omi rin ilẹ̀ náà díẹ̀, ẹ dà á sínú agbada àtijọ́, ẹ ri ọ̀dùnkún kékeré kan sáàárín ẹ̀, ẹ bò ó, iná díẹ̀díẹ̀. Tí ọ̀dùnkún yẹn bá jiná, ilẹ̀ ti jiná. Àwọn ọmọ mi máa ń bá mi jà lórí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ilẹ̀ tó pọ̀, ẹ rin ín, ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bò ó sójú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Irúgbìn, ẹ wo lẹ́tà ara páálí ẹ̀. V àti F jẹ́ pé ó lè kojú àwọn olú inú ilẹ̀ méjì, Fusarium ni F, ìdí nìyẹn tí Roma VF fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. N jẹ́ kòkòrò tó ń so kókó ní gbòǹgbò, TYLCV jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó ń ká ewé. Àwọn ará Ìbàdàn, NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba, wà ní Ìdí-Iṣin, iṣẹ́ wọn ni ewébẹ̀ àti èso láti 1975, ẹ lọ béèrè irúgbìn lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbin èyí tẹ́ ẹ yọ nínú tòmátì ọjà. Ẹ fi àyè tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín igi kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá.

Àpò méje ló jẹ́ pé mílíìkì inú gíláàsì yẹn ló pa wọ́n lọ́dún tó kọjá. Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí gbogbo wọn lára, mo gbé wọn lọ sí ìdí géètì níbi tí omi wọn ò ti lè ṣàn bá ẹnikẹ́ni, àgbàdo ló wà nínú wọn báyìí, ó ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀.